Ràsáàkì Oníbíréèkì àti Ọkọ̀ Inú Àpótí

Bí ẹ bá dé Ṣakí tí ẹ béèrè Ràsáàkì, wọn yóò ní Ràsáàkì wo, nítorí wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá ní Ràsáàkì Oníbíréèkì, kò sẹ́ni tí kò ní júwe ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún yín, lábẹ́ igi máńgòrò méjì létí ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Kì í tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá ń rú èéfín, á ní kí ẹ gbé e lọ fún àwọn tó fẹ́ràn ariwo. Bíréèkì nìkan ni tirẹ̀, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe é. Èmi Dúróríkẹ́, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Níkẹ́, ni mo ń ta ẹ̀yà bíréèkì tòkunbọ̀ fún un láti ọdún mọ́kàndínlógún. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń bú u nínú ìtàn yìí, ẹ má bá mi bínú. Bí mi ò bá bú u fún ọjọ́ méjì, òun fúnra rẹ̀ á wá béèrè bóyá ara mi yá.

Ràsáàkì ga, ó gbẹ, ó sì lágídí. Bó bá sọ pé òun ti gbọ́, kò tíì gbọ́ nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló gbà gbọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀: bíréèkì tó tóbi jù ló dára jù. Kò sì ṣàdédé gbà á gbọ́. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀mù, ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iṣu lọ sí ọjà Ìwéré-Ilé. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, awakọ̀ tẹ bíréèkì, bíréèkì kò dáhùn. Ràsáàkì bẹ́ sílẹ̀. Awakọ̀ kò ráyè bẹ́, ọ̀pá ló sì fi ń rìn títí di òní. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ bá nílò bíréèkì tó tó àwo, Ràsáàkì á fi èyí tó tó ọpọ́n sí i.

Ẹ má rò pé orí rẹ̀ dàrú. Ẹ ṣáà mọ ọkọ̀ tiwa níbí. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún èèyàn mẹ́rìnlá, a ó kó èèyàn mọ́kàndínlógún sí i, a ó di iṣu sórí rẹ̀, a ó so ewúrẹ́ méjì mọ́ orí iṣu, awakọ̀ á sì tún dúró gbé ìyá arúgbó kan ní Okaka nítorí pé ó mọ ọmọ rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí bíréèkì rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, ẹ ti kú. Ràsáàkì ló ń dá wọn dúró, gbogbo awakọ̀ ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó tún ní àṣà kan tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bó bá parí iṣẹ́ lára ọkọ̀ kan, á ní kí wọ́n di àpò ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kún inú rẹ̀, á sì ní kí ẹni tó ni ín wà á lọ sí orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó wà lẹ́yìn oko kaṣú, lójú ọ̀nà àtijọ́ tí ọkọ̀ kì í gbà mọ́. Òun á dúró nísàlẹ̀. Á fi eérú fa ìlà sílẹ̀, á gbé ìgbésẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ìlà náà, á sì kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ìmáàmù tó ń dúró de àwọn èèyàn rẹ̀. Ọkọ̀ á máa sáré bọ̀ wá bá a. Ó ní ẹni tó bá ṣe bíréèkì, iwájú ọkọ̀ ni kó dúró sí. Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn. Kò tún débẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ dé orí Sodiqat, àkọ́bí wọn, tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀kan nínú àwọn tó ti jáde níbẹ̀ fi àpótí pákó ńlá kan ránṣẹ́ sí wọn láti òkè òkun. Ọkọ̀ eré ìje ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì tò ó. Irin ni, páìpù ni, ìjókòó kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì alùpùpù ńlá kan, àti ìwé nípọnnípọn tó ń sọ bí wọn ó ṣe dè é pọ̀. Sodiqat àti àwọn mẹ́rin mìíràn jókòó tì í fún oṣù méjì, wọ́n sì tò ó. Ohun kan ni kò sí nínú àpótí. Ìwé náà ní kí olúkúlùkù wá bíréèkì fúnra rẹ̀, bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe rí.

Ìdíje tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ti máa ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sáré ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọn ó ṣe é ní pápá gbalasa kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Nítorí pé Sodiqat ló kéré jù nínú wọn, tó sì lè wọ ìjókòó náà láìká orúnkún mọ́ àyà, òun ni wọ́n yàn láti wà á. Ìgbà tí Ràsáàkì gbọ́, kò pariwo. Ó kàn fi sípánà sílẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi ò ní jókòó sínú ohun tí mi ò bá fọwọ́ ara mi fi bíréèkì sí."

Inú àwọn ọmọ náà dùn. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n kó wọlé.

Ní àárọ̀ Àlàmísì kan, Sodiqat wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì ń wo òkè ògiri, níbi tí mo so àwọn páàtì kéékèèké kọ́.

"Màmá, ṣé bíréèkì Máíkírà nìyẹn?"

Mo ní òun ni. Ẹ mọ Máíkírà, takisí kékeré tó kún ìgboro Ìbàdàn. Bàbá rẹ̀ kì í fọwọ́ kàn án. Ìkòkò onítáyà ló ń pè é.

Ó ní, "Irú rẹ̀ la nílò. Ọkọ̀ tiwa ò wúwo rárá, Màmá. Àwa mẹ́rin la gbé e jáde nínú yàrá bí ẹni gbé bẹ́ẹ̀dì. Bí bíréèkì bá lágbára jù ú lọ, mo kàn máa fẹsẹ̀ kàn án báyìí ni, táyà á gan, á máa yọ̀ lọ. Táyà tó bá gan kì í gbọ́ ti sítíárìn. Bó ṣe wù ú ló máa ṣe mí."

Ó yé mi wéré. Ọmọ ọdẹ ni mí, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni wọ́n bí mi sí. Ìbọn méjì ni bàbá mi Ọdẹ́bùnmi ní, ọ̀kan fún ẹfọ̀n, ọ̀kan fún àparò. Ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ fi ti ẹfọ̀n yin àparò, ìyẹ́ nìkan ló kó wálé. Mo sọ fún Sodiqat pé òótọ́ ló sọ, kó lọ sọ fún bàbá rẹ̀.

"Mo ti sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ bá mi sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Tiyín ni wọ́n máa ń gbọ́."

Mo ní màá sọ ọ́.

Oòrùn ò tíì yẹ̀ tí Ràsáàkì fi dé. Ó ti gbé páálí kan dání, bíréèkì tuntun nínú ọ̀rá, ọ̀dọ̀ Festus tó ń ta páàtì onípáálí ní Ìsẹ́yìn ló ti gbà á wò. Ó mú páàdì kan jáde, ó fi ha ara òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi, ó sì gbé e sí imú. Báyìí ló ṣe ń dán wọn wò. Páàdì Festus rún lẹ́búlẹ́bú bí àkàrà àná.

Ó ní, "Ẹ rí i? Àwọ̀ ló ní, kò ní inú. Ẹ gbé ti bọ́ọ̀sì wá fún mi, Ìyá Níkẹ́. Èyí tó nípọn."

Mo gbé e wá. Ó fi sípánà lu díísìkì náà, ó tẹ́tí sí i, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá Sodiqat, ṣé ọkọ̀ yẹn ò fúyẹ́ jù fún èyí báyìí?"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìyá Níkẹ́, ẹ̀yin ń tà, èmi ń dè. Ǹjẹ́ mo ti kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa tà á rí?"

Inú bí mi. Òdodo ọ̀rọ̀ nìyẹn, n kò ní fi bò. Mo lè sọ pé ọmọ rẹ̀ wá bá mi láàárọ̀. Mo lè gbé ti Máíkírà kalẹ̀ síwájú rẹ̀ kí n sọ ìtàn ẹfọ̀n àti àparò fún un. Dípò bẹ́ẹ̀, mo di ti bọ́ọ̀sì fún un nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, mo ní ó dàbọ̀, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé bó bá rí i tán, á mọ̀ pé mo ti sọ fún òun.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo lọ. N kì í lọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mi ò lè jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ náà rẹwà, ó pupa, ó rẹlẹ̀, ó sì ṣí sílẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ràsáàkì ní kí wọ́n gbé ẹ̀gẹ́ wá.

Sodiqat ní, "Bàbá mi, wọn kì í di ẹrù sí ọkọ̀ ìje."

"Kò sí ọkọ̀ tí kì í ṣe ọkọ̀ ẹrù."

Wọ́n fi okùn di àpò ẹ̀gẹ́ mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Sodiqat dé akoto, ó gùn ún lọ sókè, ó sì bọ̀ wá. Ràsáàkì wà lẹ́yìn ìlà eérú rẹ̀, ọwọ́ lẹ́yìn. Ọmọ náà tẹ bíréèkì, ọkọ̀ náà sì dúró jẹ́jẹ́, ó ku ọ̀pá méjì kó dé ìlà. Àwọn ọmọ iléèwé pàtẹ́wọ́. Èmi náà mí kanlẹ̀, mo ní bóyá àgbà ló mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Sodiqat bọ́ sílẹ̀, ó ń tú okùn. "Ẹ jẹ́ kí n wà á lófìfo báyìí."

Bàbá rẹ̀ ní, "Ohun tó bá dá ẹrù dúró, ṣé òfìfo ló máa borí rẹ̀?" Ó sì padà sẹ́yìn ìlà rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀rọ̀ yẹn ti já sí òótọ́ fún un, nítorí pé kò sí ọkọ̀ tí ń rìn lófìfo ní Òkè-Ògùn.

Ó bọ̀. Eré rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí kò sí ohun tó ń fà á sẹ́yìn mọ́. Ó tẹ bíréèkì níbi tó ti tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gan lójú kan náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò dúró. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́rí wá síwájú. Ó fi ìhà kọjá lórí ìlà eérú, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ràsáàkì, kò jìnnà sí i ju gígùn ọwọ́ kan lọ, ó wọ inú oko kaṣú, ó sì lọ gbún ọ̀gán kan. Eruku bo gbogbo wa. Mo ń pe orúkọ ọmọ náà, mi ò sì gbọ́ ohùn ara mi.

Ó jáde. Ètè rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, kò sí ohun mìíràn tó ṣe é. Ràsáàkì ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàrin ọ̀nà. Kò lọ bá a. Ọmọ náà ló wá bá a, ó jókòó tì í, ó sì fi etí aṣọ rẹ̀ nu ètè.

Ìgbà tó yá, Ràsáàkì gbójú sókè wò mí. "Ìyá Níkẹ́, ẹ mọ̀."

Kò béèrè. Mo ní, "Ó wá bá mi lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ó ní kí n sọ fún yín. Mo bẹ̀rẹ̀, ẹ dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, mo sì fi ìbínú dákẹ́." Ojú tì mí ju bí ó ti tì mí rí lọ. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni kò ṣí ilé iṣẹ́. Àwọn awakọ̀ ń wá, wọ́n ń padà. Ọjọ́ karùn-ún, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kò kí mi, ó nawọ́ sókè, ó sì já bíréèkì Máíkírà lára ìṣó. Ó fi sípánà lù ú. Ó tẹ́tí. Ó tún lù ú.

Ó ní, "Ìkòkò onítáyà." Ẹ̀rín díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Mo mọ̀ pé ara rẹ̀ ti ń yá.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni ò rí i kó ṣe é rí. Ó ní kí àwọn ọmọ náà gbé ọkọ̀ wọn lọ sí ibi tí àwọn tó ń ra ẹ̀gẹ́ ti ń wọn ẹrù, wọ́n sì fi okùn gbé e kọ́ òṣùwọ̀n, òun àti táyà rẹ̀ àti Sodiqat nínú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó tò síbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ọkọ̀ àti ọmọ, gbogbo rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní àpò ẹ̀gẹ́ márùn-ún. Ràsáàkì wo ojú òṣùwọ̀n náà pẹ́. Àpò mẹ́ta ló ti dì mọ́ ọn lẹ́yìn, ohun tó ju ìdajì ìwúwo rẹ̀ lọ.

Ó jókòó sórí àga kékeré ní ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí Sodiqat ṣí ìwé rẹ̀ kó máa kà á fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Ó ń béèrè bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Èwo ló yẹ kó mú jù, ti iwájú ni tàbí ti ẹ̀yìn? Sodiqat ní ti iwájú ni, nítorí bí ọkọ̀ bá ń dúró, iwájú ni ìwúwo rẹ̀ ń sáré lọ. Ó mi orí. Ó ní ó yẹ kóun ti mọ̀, nítorí pé iwájú náà ni ìyá arúgbó máa ń ṣubú sí nínú bọ́ọ̀sì. Oríṣi páàdì Máíkírà mẹ́rin ni mo kó síwájú rẹ̀, ó ha gbogbo wọn mọ́ òkúta. Ó mú èyí tó rọ̀ tó sì ń di irin mú fún iwájú, ó mú èyí tó le díẹ̀ fún ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yíyàn páàdì, ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sínú ìwé Sodiqat. Tirẹ̀ ni.

Ẹ máa fẹ́ mọ̀ nípa ìdíje náà, torí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ipò kẹrin ni wọ́n mú, inú wọn sì dùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé ti ṣáájú ìyẹn, ọjọ́ tí wọ́n padà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Kò sí ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ náà. Ràsáàkì fa ìlà eérú rẹ̀, ó gbé ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Sodiqat ti dé akoto. Ó tún ṣí i.

"Bàbá mi, mi ò ní wà á bí ẹ bá dúró síbẹ̀."

"Ẹni tó bá ṣe bíréèkì, iwájú ọkọ̀ ni kó dúró sí."

"Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ṣe é. Àwa méjèèjì ni."

"Ìwọ wà nínú rẹ̀. Ìyẹn náà, iwájú ni." Ó yíjú sí mi. "Ẹni tó tà á ńkọ́?"

Mo lè rẹ́rìn-ín kí n sọ ọ́ di àwàdà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ta bíréèkì, n kò dúró síwájú ọ̀kan rí. Ṣùgbọ́n mo rántí ìwé ìròyìn àtijọ́ tí mo fi di ti bọ́ọ̀sì fún un, pẹ̀lú ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo ká ìró mi sókè, mo rìn lọ, mo sì dúró tì í. Sodiqat wo àwa méjèèjì, ó sì dé akoto padà. Ó gun òkè lọ.

Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà. Mo rí i tó pupa lókè, tó ń tóbi sí i. Mo fẹ́ dijú, mo ní kò gbọdọ̀ jẹ́ èmi ni mo máa dijú, mo sì dijú. Ohun tí mo gbọ́ ni ìró táyà, ìró kan tó gùn tó sì rọ̀, kò ké bíi ti ọjọ́sí. Ìgbà tí mo lajú, ọkọ̀ náà dúró ṣinṣin níwájú wa, kò wọ́, imú rẹ̀ ku ẹsẹ̀ bàtà kan kó kan eérú.

Ràsáàkì kò dijú, èyí ló fi ń yangàn sí mi títí di òní. Ó rìn lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó tutọ́ sára díísìkì iwájú láti mọ bó ṣe gbóná tó, ó gbọ́ bó ṣe ń ta, ó sì lọ tutọ́ sí ti ẹ̀yìn. Ó mi orí. Ó fọwọ́ gbá akoto ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Padà sókè. Sá eré ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó wá fi ẹsẹ̀ nu ìlà eérú náà títí ó fi parẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú, a kúrò lójú ọ̀nà, a sì jókòó sábẹ́ igi kaṣú, àwa méjèèjì, kí ọmọ náà lè rí ọ̀nà rẹ̀ lófìfo.